Ilẹ̀ Tí Ó Ṣá Kò Ní Kí Àgbàlá Má Ní Ìbòòji

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa nígbàkúùgbà tí a bá bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀ tí àgbàlá wọn fi rí gbalasa bí pápá tí iná jó. Wọn a ní, "Ilẹ̀ ibí yìí kò dára, igi kan kò lè hù níbẹ̀." A ti gbọ́ ọ ní Kánò, a ti gbọ́ ọ ní Jọ́ọ̀sì, a sì ti gbọ́ ọ ní Èkó. Olùkọ́ ń sọ ọ́, akọ̀wé ń sọ ọ́, oníṣòwò tí ó kọ́ ilé alájà mẹ́ta pàápàá ń sọ ọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọn yóò sì máa sún un kiri bí oòrùn ti ń yí, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

A fẹ́ sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òtítọ́. Ilẹ̀ tí igi kankan kò lè hù lórí rẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní orílẹ̀-èdè wa. Ohun tí ó wọ́pọ̀ ni pé ẹni tí ó fẹ́ gbin igi kò wo ilẹ̀ ara rẹ̀ rárá. Iwájú ilé olówó àdúgbò ni ó lọ wò. Àwọn baba wa ní, ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Nínú ọ̀ràn igi, ilẹ̀ ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ wò kí á tó dárúkọ igi tí a ó gbìn.

Kí ni ó sọ ilẹ̀ àgbàlá di òtòṣì? Nígbà tí a bá fẹ́ kọ́lé, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn bíríkìlà ń ṣe ni pé wọn a ha ilẹ̀ náà, wọn a sì kó ilẹ̀dú tí ó wà lókè dànù. Nínú ilẹ̀dú yìí, tí kò nípọn lọ títí ní ibi púpọ̀, ni oúnjẹ igi wà: ewé tí ó jẹrà, ìgbẹ́ ẹran, òkú kòkòrò, àti iṣẹ́ tí ekòló ti ṣe láti ọdún gbọọrọ. Ohun tí ó kù sílẹ̀ ni yangí pupa, tí òjò ti ń fọ oúnjẹ kúrò lára rẹ̀ láti ayébáyé. Irin inú rẹ̀ ni ó mú un pọ́n bẹ́ẹ̀. Bí oòrùn bá sì pa á tán, ó le gbandi bí bíríkì. Lórí èyí ni wọn yóò tún da ìyókù sìmẹ́ǹtì àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù sí. Ní ọjọ́ tí onílé kó wọlé, ó ra ọmọ igi kan, ó gbẹ́ ihò tí kò ju ti ẹni tí ó fẹ́ gbin àgbàdo lọ, ó tì í bọ ibẹ̀. Nígbà tí ó fi di oṣù Ṣẹẹrẹ, igi ti kú. Ta ni ó pa á? Wọ́n ní ilẹ̀ ni.

Òṣì ilẹ̀ kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ti Kánò àti Sókótó, iyanrìn ni, omi kì í dúró nínú rẹ̀. Ti Èkó, ní ibi tí wọ́n ti fi iyanrìn ọ̀sà dí irà, iyọ̀ a máa wà nínú rẹ̀. Ti Jọ́ọ̀sì, àwọn tí ó wa tánganran láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900 ni wọ́n hú ìsàlẹ̀ ilẹ̀ jáde, tí wọ́n dà á sórí èyí tí ó dára, tí wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú èyí tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò níláti lọ sí yunifásítì. Bí ẹ̀ẹ̀kan bá ti gba gbogbo àgbàlá, àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé yóò sọ fún yín pé ilẹ̀ náà ti ṣá. Ẹ gbẹ́ ihò tí ó jìn tó orúnkún, kí ẹ da omi kún un ní alẹ́. Bí ẹ bá bá omi náà níbẹ̀ ní òwúrọ̀, ilẹ̀ yín kì í jẹ́ kí omi lọ. Bí ó bá ti gbẹ kí ẹ tó gbé korobá kúrò, iyanrìn ni ẹ ní. Igi tí ó yẹ fún èkíní kò yẹ fún èkejì.

Ṣùgbọ́n ẹ wo igi tí ó gbòde lónìí. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ gíga kan ni, láti Íńdíà àti Siri Láńkà ni ó ti wá, ewé rẹ̀ sì bò ó láti òkè délẹ̀ bí aṣọ eégún, tí àwọn ènìyàn fi ń pè é ní igi eégún. Ó dúró ṣánṣán bí ọlọ́pàá níwájú ilé gbogbo ọlọ́lá. A kò sọ pé kò lẹ́wà. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa wá ẹnì kan tí ó ti jókòó jẹun ọ̀sán lábẹ́ rẹ̀! Ní ọ̀sán gangan, òjìji rẹ̀ kò gba ju ajá kan lọ. Ẹ tún wo èyí tí ń yọ òdòdó pupa bí iná, tí àwọn kan ń pè ní panṣẹ́kẹ́, tí ó wá láti erékùṣù Madagásíkà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn gan-an, tí orí ń fọ́ ènìyàn nítorí oòrùn, ni òun ń wọ́wé. Igi eukalíptọ́ọ̀sì ti Ọsirélíà ńkọ́? Ó lè hù lórí àwókù ilẹ̀ Jọ́ọ̀sì, wọ́n sì ti gbìn ín síbẹ̀ púpọ̀, ó dára fún òpó. Ṣùgbọ́n ńṣe ni ewé rẹ̀ ń so rọ̀ sílẹ̀ gbọọrọ, tí oòrùn ń gba àárín rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí ohun kan níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé igi àjèjì ni a ń bá jà. Ohun tí a ń bá jà ni ojú tí a fi ń wo igi, bí ẹni pé ọ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lásán ni. Ojú yìí kò wá lójijì. Ní 1917, ní àkókò Lugard, wọ́n ṣe òfin kan nípa ìlú tí ó ya ibùgbé àwọn òyìnbó sọ́tọ̀ kúrò lára tiwa, wọ́n sì fi ilẹ̀ òfìfo tí ó fẹ̀ tó yáàdì 440 sáàárín. Ní apá ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n gbin igi sí ẹ̀bá títì, wọ́n fi igi yí ilé kọ̀ọ̀kan ká. Ní apá ọ̀dọ̀ tiwa, páànù kan páànù. Nígbà tí a gba òmìnira ní 1960 tí àwọn ènìyàn wa kó wọ inú ilé wọ̀nyẹn, wọ́n rí i pé ibẹ̀ tutù, ọ̀pọ̀ sì gbà pé owó ni ó mú un tutù. Owó kọ́. Igi ni, yangí kan náà ni ó sì wà lábẹ́ púpọ̀ nínú wọn. Ẹ wo ohun tí àwa fúnra wa wá ń ṣe sí i: a ń gé àwọn igi náà lulẹ̀ láti kọ́ ṣọ́ọ̀bù, a ń fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo àgbàlá láti ògiri dé ògiri, a sì ń ra ẹ̀rọ amúlétutù.

Bí a bá wá fẹ́ gbin igi ìbòòji sórí ilẹ̀ tí ó ṣá, ibo ni kí á ti bẹ̀rẹ̀? Èrò tiwa ni pé kí á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìnkùlé, bóyá igi náà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìdí tí a fi sọ bẹ́ẹ̀ nìyí. Ní orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r, tí ó bá wa pààlà ní àríwá, ilẹ̀ Maradi àti ti Zinder ti di aṣálẹ̀ tán. Míṣọ́nnárì ará Ọsirélíà kan, Tony Rinaudo, ti ń bá wọn gbin ọmọ igi níbẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn igi náà sì ń kú. Ní 1983 ni ó kíyè sí i pé àwọn igbó kúkúrú tí ó wà káàkiri nínú oko kì í ṣe igbó lásán: kùkùté igi ni wọ́n, gbòǹgbò wọn ṣì wà láàyè nísàlẹ̀, ọdọọdún ni àwọn àgbẹ̀ sì ń fi ọkọ́ gé ohun tí ó bá rú jáde. Ọgbọ́n tí wọ́n wá dá kò ju kí wọ́n yan ọ̀pá díẹ̀ tí ó tọ́ lára kùkùté kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gé ìyókù, kí wọ́n sì ṣọ́ ọ. Lẹ́yìn ogún ọdún ó lé díẹ̀, ilẹ̀ tí igi ti padà sí ní gúúsù Nìjẹ̀r tó nǹkan bí mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà. Kò sí ẹni tí ó fi mọ́tò kó ilẹ̀dú lọ síbẹ̀. Ilẹ̀ òtòṣì kan náà ni.

Apá kan wà nínú ìtàn yìí tí ó yẹ kí àwa tí ń sọ̀rọ̀ òmìnira fi etí sí dáadáa. Òfin igbó tí àwọn Faransé ṣe ní 1935 ti fi igi sábẹ́ àṣẹ ìjọba, tó bẹ́ẹ̀ tí àgbẹ̀ tí ó bá gé igi lórí oko ara rẹ̀ lè san owó ìtanràn. Ta ni yóò tọ́jú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀? Ìgbà tí àwọn àgbẹ̀ rí i pé igi tí àwọn bá tọ́jú yóò jẹ́ ti àwọn ni wọ́n tó jẹ́ kí ó dàgbà. A ó padà sórí èyí nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ayálégbé.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí kùkùté tí ó ń rúwé lẹ́yìn ilé yín, ì báà jẹ́ ti ẹmi, ti igi irú tàbí ti àyúnré, ẹ sọ àdá sílẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ti mọ ibi tí omi wà. Ó ti bá yangí náà jà, ó sì ti borí rẹ̀ kí ẹ tó dé. Ọmọ igi tí ẹ rà nínú ọ̀rá kò ní irú gbòǹgbò bẹ́ẹ̀.

Bí kò bá sí kùkùté, a jẹ́ pé gbígbìn ni. Nínú gbogbo èyí tí ó fara da òṣì, dóńgóyárò ni ó gbajúmọ̀ jù, ó sì tọ́ sí i. Àlejò ni òun náà. Íńdíà ni ilé rẹ̀. Láti Gánà, tí à ń pè ní Gold Coast nígbà náà, ni èso rẹ̀ ti dé Máídúgùri ní 1928. Àwọn Haúsá wò ó, wọ́n rí i bí ó ti ń ga, wọ́n sì sọ ọ́ ní dogon yaro, èyí tí í ṣe ọmọkùnrin gíga. Lónìí, a ń se é mu fún ibà, a ń fi ẹ̀ka rẹ̀ rin eyín, kò sì sí ọmọdé tí yóò gbà fún yín pé àjèjì ni. Ẹ wá fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn igi tiwa. Igi irú, tí àwọn ìyá wa ti ń se èso rẹ̀ kí á tó bí baba Mungo Park, orúkọ Mungo Park ni Robert Brown fi sọ ọ́ nínú ìwé ìmọ̀ ní 1826, ogún ọdún lẹ́yìn tí ọkùnrin náà kú sínú odò Ọya ní Bussa. Orúkọ rẹ̀ náà ni wọ́n fi sára ẹmi fún ìgbà pípẹ́. Igi gawo ti ilẹ̀ Haúsá, orúkọ Faidherbe, gómìnà Faransé ní Sẹ̀nẹ̀gà, ni ó ń jẹ́ nínú ìwé. Àlejò gba orúkọ ilé, onílé gba orúkọ àlejò! A kò bínú sí dóńgóyárò nítorí èyí. Iṣẹ́ tí ó ṣe ni ó fi gba orúkọ.

Ó ń hù lórí iyanrìn àti lórí òkúta, ó yára, kì í sì í fi gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wà ní ìhòòhò. Ohun tí kò fẹ́ ni kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi, nítorí náà kí ẹni tí omi kì í gbẹ nínú ihò rẹ̀ fi í sílẹ̀. Èso rẹ̀ kì í sì í pẹ́ kú. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ó bá bọ́ sílẹ̀ ni kí ẹ gbìn ín. Ṣùgbọ́n a kò fara mọ́ àwọn tí ń gbin òun nìkan ṣoṣo kún gbogbo ìlú. Ní àyíká ọdún 1990, àìsàn kan bá àwọn dóńgóyárò ní agbègbè Adágún Ṣáàdì, ní Nìjẹ̀r àti ní àríwá ìlà-oòrùn tiwa. Orí wọn ń pá, ewé wọn ń rẹ̀. Ìlú tí kò ní òmíràn, níbo ni yóò sá sí?

Ẹni tí ó bá ń gbé Kánò tàbí Kátíínà yóò ti rí gawo nínú oko. Ìwà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo igi: ìgbà òjò ni ó ń wọ́wé, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń rúwé. Gbòǹgbò rẹ̀ ń sọ ilẹ̀ dọ̀tun, ewé rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ ní àkókò tí ọkà ń hù, nítorí èyí ni ọkà abẹ́ rẹ̀ fi máa ń yọ ju ti ìta lọ. Ìbòòji ní oṣù Kẹta àti Kẹrin, kí ni ènìyàn tún ń fẹ́? Àfi pé ó ní ẹ̀gún. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó: ẹ gbìn ín sí ìpẹ̀kun ọgbà, kì í ṣe ibi tí ọmọdé ń fi ẹsẹ̀ lásán sáré.

Odán kò nílò kí a kéde rẹ̀ fún Yorùbá. Ta ni kò mọ odán ọjà àti odán iwájú ààfin? Òun kan náà ni àwọn Haúsá ń pè ní cediya, tí wọ́n ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwa náà. Ẹwà odán ni pé ẹ̀ka rẹ̀ tí ó nípọn tó apá ni a lè gé, kí á rì í mọ́lẹ̀ ní ìgbà òjò, kí ó sì hù. Ẹni tí ó rì í kò ní pẹ́ jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ kì í bọ̀wọ̀ fún ògiri. Bí àgbàlá yín kò bá lè fi ẹsẹ̀ bàtà 30 sáàárín rẹ̀ àti ilé, kànga tàbí sálángá, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọba àti ọjà.

Fún ilẹ̀ olókùúta wẹ́wẹ́, kajú ni. Òun ni wọ́n gbìn sí àwọn òkè agbègbè Udi láti dá ọ̀gbàrá dúró. Ọdún mẹ́ta péré, ó ti lè so. Ẹ̀ka rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó tẹ́ bí agboòrùn. Fún iyanrìn Èkó tí ó ní iyọ̀, fúrúùtù ni. Fún ẹni tí ó bá fẹ́ kí koríko tàbí ẹ̀fọ́ tún lè hù lábẹ́ ìbòòji rẹ̀, àyúnré ni, èyí tí àwọn olóko kòkó ti mọ̀ tipẹ́, tí ń sun ewé rẹ̀ ní alẹ́ tí ó sì ń bọ́ ilẹ̀ láti inú gbòǹgbò. Kí ó ṣáà jìnnà sí òrùlé, nítorí ẹ̀ka rẹ̀ a máa já. Igi irú ní tirẹ̀ kì í yára. Ilé ìwé ni ó yẹ, níbi tí ọmọ ẹni tí ó gbìn ín yóò ti kàwé lábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí a dárúkọ fúrúùtù, a mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò sọ: ewé rẹ̀ ti pọ̀ jù, ìgbálẹ̀ yóò pa ènìyàn. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ó wà lọ́kàn wa láti sọ fún ẹ̀yin olùkọ́. Ní òròòwúrọ̀, ní ilé ìwé wa káàkiri, ẹ ń rán àwọn ọmọ láti gbá ewé jọ, kí wọ́n sì dáná sun ún. Nígbà tí agogo bá lù, ẹ ó wọlé, ẹ ó sì fi ẹfun kọ ọ́ sára pátákó pé ewé tí ó jẹrà ni ń mú ilẹ̀ lọ́ràá. Ọmọ náà kọ ọ́ sínú ìwé, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń rùn èéfín. Ilẹ̀ kò ní ṣá bí? Oúnjẹ ọdún tí ń bọ̀ ni a ń fi iná sun lójoojúmọ́, tí a sì ń pè é ní ìmọ́tótó. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbá ewé náà lọ sí ìdí igi, kí wọ́n fi bò ó bí ibùsùn, kí ó ṣáà fi ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan jìnnà sí ara igi kí èèpo má baà jẹrà. Ọdún mẹ́ta péré tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí ekòló ní ibi tí ẹ ti ń rí yangí.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ yóò dáhùn pé àwọn kì í pẹ́ níbì kan, pé ilé tí àwọn ń gbé kì í ṣe tiwọn. Òótọ́ ni, a kò sì fi ojú kékeré wò ó. Ẹni tí a lè gbé lọ sí ìlú mìíràn lọ́dún tí ń bọ̀ kò ní fi ìrọ̀rùn ra igi. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Nìjẹ̀r ni ó wá sí wa lọ́kàn. Kí onílé àti ayálégbé sọ ọ́ di àdéhùn, bí wọ́n ti ń sọ owó ilé: ẹni tí ó bá gbin kajú, òun ni yóò máa ká a níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà níbẹ̀. Ní ilé ìwé, kí a fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní igi kan, kí orúkọ rẹ̀ wà lára igi náà, kí wọ́n bá a lọ láti kíláàsì dé kíláàsì. Ní Máídúgùri àti Sókótó, ooru oṣù Kẹrin ń kọjá ìwọ̀n 40, àwọn ọmọ sì wà lábẹ́ páànù nígbà náà, àwọn ni a ń retí pé kí wọ́n yege. Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà dá iṣẹ́ Ògiri Àwọ̀ Ewé Ńlá sílẹ̀ ní 2007, Nàìjíríà sì ní ilé iṣẹ́ tí ń bójú tó o láti 2015. Ó dára. Ṣùgbọ́n ògiri náà kò lè wọ inú àgbàlá ẹnikẹ́ni láti fún un ní ìbòòji.

Nípa gbígbìn, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Ìwọ̀-oòrùn ilé ni kí igi wà, nítorí oòrùn ọ̀sán ni ń sun ògiri, tí iyàrá fi ń gbóná títí di òru. Kí ihò fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kí ó jìn tó méjì, kí ẹ fi dígà fọ́ ìdí àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí gbòǹgbò má baà máa yípo nínú rẹ̀ bí ẹlẹ́wọ̀n. Ilẹ̀ tí ẹ hú jáde náà ni kí ẹ dà padà, kí ẹ po ìgbẹ́ ẹran tí ó ti jẹrà mọ́ ọn. Ní gúúsù, kí òjò ti múlẹ̀ ní oṣù Karùn-ún tàbí Kẹfà. Ní àríwá, oṣù Keje. Ẹ̀ẹ̀rùn méjì àkọ́kọ́ ni ó le jù. Omi ìwẹ̀ ará ilé tí à ń dà sí gọ́tà tó fún un, korobá kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kí ẹ sì fi ẹ̀gún ká a, kì í ṣe okùn, nítorí ewúrẹ́ kò mọ òfin, títí orí rẹ̀ yóò fi ga kọjá ibi tí ewúrẹ́ lè nà dé.